BÍ A BÁ Ń SUNKÚN, À MÁA RÍRAN

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù ti ẹ̀ka wa ní Sábọ̀n-Gàrí, Kánò. Ìpàdé ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, kí àwọn tí kò wá lè rí i kà.)

  

Gbogbo yín mọ̀ pé iṣẹ́ tèmi nínú ẹgbẹ́ yìí ni láti kọ̀wé, kì í ṣe láti sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn bá sọ ni mo máa ń kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan gba ìròyìn ìbọn lórí fóònù, ó kà á sí gbogbo wa létí, ìyá méjì ti figbe ta, ìpàdé ti dàrú, kí a tó mọ̀ pé irọ́ ni. Ní ọjọ́ náà ni Alága yíjú sí mi, wọ́n ní, “Akọ̀wé, ìwọ ni o mọ ohun tí irú èyí fi ojú wa rí ní ọdún 2022. Lóṣù tó ń bọ̀, dìde kí o sọ ọ́ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.” Ìdí rèé tí ẹ fi rí mi lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ náà kò bu iyì kún mi, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ẹlòmíràn láǹfààní, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 4 oṣù Júùnù, ọdún 2022, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ayọ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Túndé, àkọ́bí mi, wà nílé, nítorí pé àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Fẹ́búárì. Wọn kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù Òkótóbà. Àbúrò ìyàwó mi obìnrin wá kí wa láti Kàdúná, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì. Mo ti ìsọ̀ mi ní agogo mẹ́rin, ohun tí n kì í ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́ mi mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé gan-an ni owó ń wọlé. Ṣùgbọ́n mo ní kí n fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún àwọn ará ilé mi, nítorí pé ọmọ tí ó bá ń rí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ nìkan, bí bàbá bá kọjú sí i tán, yóò máa wò ó bí àlejò.

Ìyàwó mi ro àmàlà, ó se ewédú àti gbẹ̀gìrì. A tẹ́ ẹní sí àgbàlá, àwọn ọmọ ń pa àlọ́ títí oorun fi gbé wọn lọ. Àwa àgbà jókòó pẹ́. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyàwó mi àti àbúrò rẹ̀, èmi ni ará Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìyá náà kọ̀ láti wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ kankan; ó ní òun kò lè jí lówùúrọ̀ kí òun má rí ọjà Ọba.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. A lọ sí ìsìn àárọ̀. Bí a ti padà dé, a kó ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, a ra sóbò dání, a há ara wa mọ́ inú kẹ̀kẹ́ Àdàídàítà-Sahu méjì, ó di ọgbà ẹranko Audu Bako. Inú ọgbà náà kún. Haúsá, Yorùbá, Íbò, tọmọ-tọmọ, gbogbo wa ni a wá wo ọ̀bọ. Nígbà tí a dé ibi kìnnìún, ọmọ mi tí ó kéré jù béèrè bóyá èyí ni ó já ní ọdún 2019. Ẹ rántí pé ní oṣù Òkótóbà ọdún náà, kìnnìún kan já mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú ọgbà yẹn, ó wọ ilé ewúrẹ́, ó sì pa ewúrẹ́ jẹ kí wọ́n tó rí i dá padà. Ìyá rẹ̀ ní kí ó má bẹ̀rù, pé irin náà nípọn. Ọmọ náà rọra sá sẹ́yìn Túndé síbẹ̀síbẹ̀, gbogbo wa sì fi í ṣe ẹ̀rín.

A jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, a ń jẹun, nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ó ní, “Akọ̀wé, ṣé ẹ ti gbọ́? Wọ́n ti yìnbọn pa àwọn ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀.”

Ẹ̀yin ará, mo wo ìyàwó mi. Ó ń bu ìrẹsì fún ọmọ àbúrò rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti rí ojú mi. Wọ́n pe ìyá wọn, fóònù kò lọ. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìtíì mọ ohun tí ó ń sunkún sí. Àwọn ọmọ di oúnjẹ mú lọ́wọ́, wọn kò jẹ ẹ́, wọn kò sì gbé e sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kó ẹrù wa. A wá wo ẹranko tí wọ́n tì mọ́ inú irin, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tì mọ́ ibì kan sì ti wọ inú ilé Ọlọ́run lọ bá àwọn ènìyàn wa.

Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ìyá fúnra rẹ̀ pè. Ìjọ Áńgílíkà ni ìyá ń lọ, kò sí níbi ìjàǹbá náà. Ó ní, “Ẹ má sunkún mọ́, mo wà láàyè. Ṣùgbọ́n ilé kẹta sí wa, ọmọ wọn kò tíì dé.” A dọ̀bálẹ̀, a dúpẹ́.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀bi tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ọkàn mi wà lórí iná, n kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí tèmi yè tán ni ọwọ́ mi wá yá. Mo ní akọ̀wé ni mí, ó yẹ kí n wádìí fún ẹgbẹ́. Mo ń pe òkè, mo ń pe ìsàlẹ̀. Ẹnì kan sọ fún mi pé 50 ni ó kú, ẹlòmíràn ní 100. Kí n tó jẹun alẹ́, ẹnì kan ti fi orúkọ àwọn òkú ránṣẹ́ sórí fóònù mi. N kò béèrè ẹni tí ó kọ ọ́. Mo rí orúkọ kan níbẹ̀ tí ó jọ orúkọ àbúrò ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, ìyá tí ó ń ta aṣọ. Mo mọ̀ pé ìjọ Àgùdà ni ìdílé wọn ń lọ. Mo wọ bàtà, mo lọ sílé rẹ̀, mo sì túfọ̀ àbúrò rẹ̀ fún un.

Ẹ má jẹ́ kí n ròyìn igbe rẹ̀. Ó gbé ara rẹ̀ lulẹ̀. Láàárín ìdajì wákàtí, ẹgbẹ́ ti kún ilé náà fọ́fọ́, àwọn obìnrin mú un, àwọn ọkùnrin jókòó sí ìta. Ó di nǹkan bí agogo mọ́kànlá òru kí fóònù rẹ̀ tó dún. Àbúrò rẹ̀ ni! Láàyè! Ó ní láti ọ̀sán ni òun ti ń bá wọn gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ sí ọsibítù, iná fóònù òun sì ti tán. Ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Ẹ lè rò pé ayọ̀ ni ó parí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, bàbá kan nínú wa, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, tí ilé rẹ̀ wà ní òpópó kejì sí ibẹ̀, ti gbọ́ láti agogo méje pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin wà lára àwọn tí wọ́n pa. Òtítọ́ ni tirẹ̀. Òun nìkan ló jókòó sínú òkùnkùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé gbogbo wa wà nílé tí kò sí òkú, àti pé èmi ni mo kó wa lọ síbẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ìyá aláṣọ ti dárí jì mí. Bàbá náà ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ń pe orúkọ nípàdé, tí mo bá dé orí orúkọ bàbá náà, ohùn mi máa ń yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èkejì. Nígbà tí mo wà níbẹ̀ tí mo ń tú òfo, àwọn ọ̀dọ́ ti kó ara wọn jọ sí ẹnu òpópó wa. Ẹ mọ ọkùnrin Haúsá tó ń sun súyà níbẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ dáná lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó béèrè pé kí ni òun ṣe. Ẹnì kan ti tábìlì rẹ̀, ẹran dà sínú yanrìn. Túndé ọmọ mi wà láàárín wọn. Kò ti tábìlì, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi ni ó gbọ́ ariwo tí ó jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ẹran nínú yanrìn. Ó wá yíjú sí Túndé, ó ní, “Ìyá tó bí mi ni ó wà ní Ọ̀wọ̀. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀tọ́ láti bínú ní òpópó yìí, èmi ni. Ọkùnrin yìí ti ń dáná níbí kí n tó bí ọ. Ìbọn wo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yàtọ̀ sí igi ẹran?” Àwọn ọmọ náà túká níkọ̀ọ̀kan. Túndé ni ó gbé tábìlì dúró. Èmi san owó ẹran náà lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin náà gba ìdajì, ó ní ìdajì yòókù ni òun fi bá wa kẹ́dùn.

Ìkẹta ni ó wá pa ẹnu mi mọ́. Ní ọjọ́ Ajé, mo ṣí ìsọ̀. Màláámù tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan tèmi, tí ó ń ta àlùbọ́sà, kó àwọn méjì lẹ́yìn, wọ́n wá bá mi. Wọ́n jókòó lórí àpò ẹ̀lùbọ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní àwọn gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará ilé wa. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú mi ṣì ń ru, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ. Mo ní, “Màláámù, ẹ̀yin kò lè mọ bí ó ti rí, kí ènìyàn jáde ní ọjọ́ Àìkú kí ó má padà wálé.”

Màláámù dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Bàbá Túndé, ará Gòrónyò ni mí.”

Ẹ̀yin ará mi, Gòrónyò wà ní ìpínlẹ̀ Ṣókótó. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 17 oṣù Òkótóbà, ọdún 2021, oṣù mẹ́jọ péré ṣáájú ti Ọ̀wọ̀, àwọn oníbọn wọ inú ọjà ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ná níbẹ̀, wọ́n ń yìnbọn lu oníṣòwò àti oníbàárà, títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ènìyàn 43 ni ìjọba Ṣókótó ní ó kú. Màláámù ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, tí ó ń kó àlùbọ́sà ránṣẹ́ sí òun, wà nínú wọn. Ó ní, “Ọjọ́ mẹ́jọ ni n kò wá sọ́jà. Ìsọ̀ wa fara kan ara wọn.”

Mo rántí. Mo rántí pé ìsọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọdé ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo rò pé ó rìnrìn àjò lọ kó ọjà ni. Mo tilẹ̀ bínú pé kò sí nítòsí láti bá mi ṣẹ́ owó. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Gòrónyò lórí rédíò nígbà náà, mo ní, “Ó mà ṣe o,” mo sì yí rédíò sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin. N kò béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò mi pé níbo ni ilé rẹ̀ wà. Gbogbo ọdún tí a fi jọ ń ná ọjà kan náà, n kò béèrè. Ẹgbẹ́ yìí náà kò lọ kí ẹnikẹ́ni. Mo yẹ ìwé ìpàdé wò, kò sí ìlà kan nípa rẹ̀. Èmi ni mo ń kọ ìwé náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa ti Ọ̀wọ̀ fún yín bí ó ti rí, kí ẹ má baà gbọ́ ọ ní ojú ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti St. Francis Xavier, ní Òwàlúwà, ni ó ṣẹlẹ̀ sí, nígbà tí ìsìn Pẹ́ńtíkọ́sì ń parí lọ. Ìbọn àti àdó olóró ni wọ́n kó wọ ibẹ̀. Ọmọdé wà nínú àwọn tó kú, arúgbó wà níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, sọ pé ènìyàn 40 ni ó kú. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà ni wọ́n sin púpọ̀ nínú wọn lápapọ̀. Gómìnà náà bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìdájọ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n sì ni, nítorí pé àwọn Haúsá ń gbé Ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń gbé Kánò. Òkò tí ẹni tí inú ń bí bá jù ní Ọ̀wọ̀ lè balẹ̀ sí orí wa níhìn-ín. Òkò tí àwọn ọmọ wa bá jù ní Sábọ̀n-Gàrí, ta ni ó mọ orí ẹni tí yóò bà? Akérédolú ti kú ní oṣù Dìsẹ́ńbà 2023. Ní oṣù Ògọ́sọ́tì 2025, wọ́n kó ọkùnrin 5 wá sí ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ adájọ́ ni láti mọ ẹni tó ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀dọ́ tó dúró ní ẹnu òpópó, kì í sì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.

Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Wọn kò ní kí a má sunkún. Ẹni tí kò sunkún nígbà tí wọ́n pa àwọn ará ilé rẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n omijé tí kò jẹ́ kí a rí ilé aládùúgbò, tí kò jẹ́ kí a mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè, omijé náà ti di ewu. Nítorí náà ni mo ṣe gbé ohun márùn-ún wá síwájú yín, kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò.

Èkínní, mo ti ra ìwé ńlá tuntun. Kí olúkúlùkù wá kọ orúkọ ìlú rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ níbẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì nílé sínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, n kò ní nọ́ńbà ẹnì kankan ní Ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ti àna mi.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má túfọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ẹni méjì tí ó fojú rí i nílé ti jẹ́rìí sí i. Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́, àgbà méjì àti obìnrin kan ni kí ó lọ, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá.

Ẹ̀kẹta, kí a má fi àwòrán òkú ránṣẹ́ sí ara wa. Àwọn kan ṣe é nígbà náà. Ẹ rò ó wò bí ó bá jẹ́ ìyá yín ni wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀ kiri ọjà.

Ẹ̀kẹrin, ní alẹ́ tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé, kí àwọn ọ̀dọ́ wá sí gbọ̀ngàn yìí, kí a fún wọn níṣẹ́. Ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ìbínú ń rí lò. Túndé ti sọ fún mi pé òun yóò jókòó ti ìwé nọ́ńbà náà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa pe ilé níkọ̀ọ̀kan. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, n kò fi ipá mú un.

Ẹ̀karùn-ún, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ dì mú jù, kí ó di òfin ẹgbẹ́ pé bí ìbọn bá dún ní ìlú aládùúgbò wa, ìbáà ṣe Ṣókótó, ìbáà ṣe Kàtsínà tàbí Sáńfárà, kí a rán ènìyàn lọ kí i ní orúkọ ẹgbẹ́, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Kò ná wa ní nǹkan púpọ̀. Màláámù kò gbé owó wá fún mi. Ó kàn jókòó lórí àpò ẹ̀lùbọ́ mi ni.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún yẹn, a tún kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko. Ọmọ mi kékeré kò béèrè ọ̀rọ̀ kìnnìún mọ́. Bí a ti jókòó láti jẹun, ó wo àpò mi, ó ní, “Bàbá mi, ṣé fóònù yín kò ní í dún?” Mo pa á. A jẹun tán.

Ẹ̀yin ará, n kò lè ṣèlérí fún ọmọ náà pé fóònù kò ní í dún mọ́ láéláé. Ó ti dún lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ohun tí mo lè ṣe ni pé nígbà tí ó bá dún, kí àwọn ọmọ wa rí àgbà tí ó ń sunkún tí ó sì ń ríran.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá jẹ́jẹ́ tí ó gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdárúkọ. Ìwé ńlá náà wà lórí tábìlì, gègé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó lọ sílé, ẹ yà síbẹ̀. Ire o.